Káàdì Iná Kì í Ṣe Káàdì Fóònù: Ohun Tí Àwọn Olókòwò Mìíràn Kọ́ Lára Fóònù, àti Èyí Tí Wọ́n Fi Sílẹ̀

Ní ọjà Ìgbọ́nà ní Òṣogbo, lábẹ́ agboòrùn tí mo ti máa ń ra káàdì, mo bá ìyá kan àti ọmọbìnrin tó ń ta káàdì nídìí ọ̀rọ̀ kan tí kò fẹ́ tán. Ìyá náà ti san ₦5,000 fún iná. Nọ́ńbà mítà tó wà nínú fóònù rẹ̀ ló kà, ọmọ náà tẹ̀ ẹ́, ìwé jáde pẹ̀lú nọ́ńbà 20 lára. Nígbà tí ìyá délé tó tẹ nọ́ńbà náà sínú mítà, mítà kọ̀ ọ́. Ó tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà tó padà dé ọ̀dọ̀ ọmọ náà ni wọ́n tó rí i pé nọ́ńbà mítà ilé tó ti kó kúrò ní Òkè-Baálẹ̀ ló ṣì wà nínú fóònù rẹ̀.

"Bá mi gbé e sórí mítà tuntun," ni ìyá wí. "Ṣé kì í ṣe káàdì ni? Bí mo bá ra káàdì fóònù tí n kò sì lò ó, ṣé n kò lè fún ọmọ mi kó tẹ̀ ẹ́ sórí tirẹ̀ ni?"

Ọmọ náà ní, "Ẹ má bínú mà, kò ṣeé ṣe." Ìyá ní kí ló fà á. Ọmọ náà kò mọ ohun tó fà á, àwa tí a dúró níbẹ̀ náà kò sì rí àlàyé kankan ṣe.

Ìbéèrè ìyá yìí ti pẹ́ nínú mi, torí kì í ṣe ti iná nìkan. Lónìí, ẹni tó ń ta sóólà ní bíi káàdì fóònù ló rí. Ẹni tó ń ta fóònù olówó ńlá fún wa ní ká máa san án lójoojúmọ́, bí ẹni ra káàdì. Tẹlifíṣọ̀n ti wà bẹ́ẹ̀ tipẹ́. "Bíi ti fóònù ni" ti di gbólóhùn tí wọ́n fi ń pa wá lẹ́nu mọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá wò ó dáadáa, olúkúlùkù wọn mú apá kan lára ọ̀nà tí ilé-iṣẹ́ fóònù ń gbà tajà, wọ́n sì fi apá kan sílẹ̀. Apá tí wọ́n fi sílẹ̀ yẹn ló sábà máa ń dun àwa tí à ń rà.

Kí ni ilé-iṣẹ́ fóònù ṣe gan-an?

Kí fóònù alágbèéká GSM tó dé ní oṣù kẹjọ ọdún 2001, NITEL, ilé-iṣẹ́ fóònù ìjọba, ni gbogbo wa ń bẹ̀. Gbogbo ìlà fóònù tó wà ní Nàìjíríà nígbà náà kò ju nǹkan bí 400,000 lọ. Ẹni tó bá ní i nílé yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ tán, bíìlì yóò wá dé lẹ́yìn, kò sì ní mọ bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀. Nígbà tí ìjọba ta ìwé àṣẹ GSM ní oṣù kìíní ọdún 2001, mílíọ̀nù 285 dọ́là ni ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan san fún un. Ẹni tó ti ná irú owó bẹ́ẹ̀, ta ni yóò máa lé gbèsè bíìlì kiri? Ọ̀pọ̀ ilé ní Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun kò ní nọ́ńbà tí wọn yóò fi ìwé ránṣẹ́ sí.

Nítorí náà wọ́n yí i po: kọ́kọ́ sanwó ná kí o tó lò ó. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní *prepaid*, èmi yóò máa pè é ní san-kí-o-tó-lò. Wọ́n kó owó náà sínú káàdì tí a ń ha, wọn kò sì kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí gbogbo àdúgbò. Ẹni tó bá ti ní àga àti agboòrùn, láti Ọláìyá títí dé Old Garage, lè di olùtajà wọn. Ẹ̀rọ ló ń ka ohun tí o lò. Bí ó bá tán, ẹ̀rọ ló ń gé e, bí o bá sì tún rà, ẹ̀rọ náà ló ń dá a padà lójú ẹsẹ̀. Kò sí ẹni tó ń gun òpó wá fi pílẹ́yà gé e.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù lọ, ní tèmi, ni bí wọ́n ṣe bu ọjà náà sí wẹ́wẹ́. Níbẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú ni wọ́n ń tà, nǹkan bí ₦50 ìṣẹ́jú kan. Bí o bá sọ "ẹ káàárọ̀ mà, màá pè yín padà", owó ìṣẹ́jú kan ti lọ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2003, Globacom dé pẹ̀lú ìṣirò ìṣẹ́jú-àáyá, àwọn yòókù sì tẹ̀lé wọn. Káàdì tó kéré jù náà wá sọ̀kalẹ̀ dé ₦100. Ìgbà náà ni fóònù tó bọ́ sọ́wọ́ aláta àti ọlọ́kadà. Kì í ṣe pé ọjà náà di ọ̀pọ̀. Wọ́n bù ú sí ìwọ̀n tí owó ọwọ́ wa lè ká ni.

Ṣé fóònù ló kọ́ wa ní sísan díẹ̀díẹ̀?

Rárá o. Àwa tí a wà ní Ọ̀ṣun kò gbọdọ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn Ìjẹ̀ṣà ti ń gbé aṣọ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá kí bàbá ẹni tó dá GSM sílẹ̀ tó mọ̀wé. Wọn á fún ọ láṣọ, o ó san díẹ̀, wọn á sì padà wá gba ìyókù díẹ̀díẹ̀. Bí ọjọ́ owó bá pé tí o kò san, wọn á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ, wọn kò sì ní dìde títí owó yóò fi jáde. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pè wọ́n ní òṣómàáló. Alájọ náà ń gba owó ojoojúmọ́ lọ́jà. A mọ sísan díẹ̀díẹ̀ tipẹ́.

Ohun tí fóònù fi kún un ni ẹ̀rọ tó ń kà tó sì ń tì fúnra rẹ̀. Òṣómàáló ní láti rìn láti Iléṣà dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ẹ̀rọ kò ní láti rìn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, torí a ó padà sí i nígbà tí a bá dé orí sóólà.

Kí ló dé tí káàdì iná fi jẹ́ ti mítà kan ṣoṣo?

Ẹ jẹ́ ká padà sí ọ̀rọ̀ ìyá Ìgbọ́nà.

Nọ́ńbà tó wà nínú káàdì fóònù dà bíi nọ́ńbà tí alágbàfọ̀ ń fún ọ nígbà tí o bá gbé aṣọ lọ. Kò sí aṣọ nínú bébà kékeré yẹn. Ọ̀dọ̀ alágbàfọ̀ ni aṣọ wà. Ẹni tó bá mú nọ́ńbà náà wá ni yóò gbé e lọ. Bákan náà, kò sí owó nínú nọ́ńbà tí o ha jáde lára káàdì fóònù. Inú kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ ni owó wà. Nígbà tí o bá tẹ̀ ẹ́, fóònù rẹ yóò fi ránṣẹ́ sí wọn, wọn á wo ìwé wọn, wọn á rí i pé ẹnikẹ́ni kò tíì lo nọ́ńbà yìí, wọn á sì fi owó sórí ìlà tó fi ránṣẹ́. Ta ló ra káàdì kò kàn wọ́n. Ìyẹn ló fi ṣeé ṣe láti fún ọmọ ẹni.

Àwọn mítà oníkáàdì tó wà lára ògiri wa, ọ̀pọ̀ wọn kò ní síìmù. Wọn kì í bá ilé-iṣẹ́ iná sọ̀rọ̀ rárá. Báwo wá ni mítà tó wà ní Òkè-Fìà ṣe máa mọ̀ pé ẹnì kan san owó ní Ìgbọ́nà? Àrokò ni wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí i. Láyé àtijọ́, ọba lè di owó ẹyọ àti ìyẹ́ pọ̀ kó fi rán ìránṣẹ́. Ẹni tó gbé e kò mọ ohun tó wà níbẹ̀, ẹni tí a rán an sí nìkan ló lè tú u. Nọ́ńbà 20 yẹn, tí wọ́n ń pè ní tóókìn, àrokò ni. Iye yúníìtì tí o rà wà nínú rẹ̀, àkókò tí wọ́n ṣe é náà wà nínú rẹ̀, wọ́n sì fi àṣírí tí mítà rẹ nìkan mọ̀ dì í pa. Mítà rẹ ló ń tú u, kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Mítà ilé kejì kò mọ àṣírí yẹn, kò lè rí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju nọ́ńbà lásán lọ. Mítà tún máa ń rántí àrokò tó ti tú, kí ẹnì kan má baà lo ẹyọ kan lẹ́ẹ̀mejì.

Nítorí náà, kì í ṣe ìwà ìkà ni ọmọ tó ń ta káàdì hù. A ti kọ lẹ́tà náà sí Òkè-Baálẹ̀, a sì ti lẹ̀ ẹ́ pa.

Ìlànà àrokò yìí ní orúkọ, STS ni wọ́n ń pè é. Gúúsù Áfíríkà ló ti bẹ̀rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 sí i, ó sì ti tàn káàkiri àgbáyé. Òun náà ló fa wàhálà tó ṣẹlẹ̀ ní ìparí ọdún 2024, nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo wa tẹ nọ́ńbà gígùn méjì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nọ́ńbà 20, sínú mítà kí a tó lè tẹ káàdì tiwa. Ọ̀pọ̀ ló sọ pé NEPA fẹ́ jí yúníìtì wa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí: mo ní àkókò wà nínú àrokò náà. Ìṣẹ́jú ni wọ́n fi ń ka àkókò yìí, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1993. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un kò lè gbà ju ìṣẹ́jú mílíọ̀nù 16 àti díẹ̀ lọ, ó sì kún ní ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá ọdún 2024. Ẹni tó bá ti rí ọkọ̀ àtijọ́ tí nọ́ńbà máìlì rẹ̀ dé 99999 tó tún bọ́ sí òdo yóò yé e. Bí wọn kò bá tún mítà tò, káàdì tuntun yóò dà bí èyí tó ti dàgbà jù lójú rẹ̀, yóò sì kọ̀ ọ́. Nọ́ńbà méjì yẹn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìkà tuntun. Gbogbo ibi tí wọ́n ti ń lo irú mítà yìí lágbàáyé ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ó dùn mí pé kò sí ẹni tó fara balẹ̀ ṣàlàyé èyí fún àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ń fi ojú tí kò ríran mọ́ tẹ 40 nọ́ńbà lára ògiri.

Níbi kan, káàdì iná sàn ju ti fóònù lọ. Dátà rẹ lè kú bí oṣù bá pé. Yúníìtì tó ti wọ inú mítà kì í kú. O lè rìnrìn àjò oṣù mẹ́ta kí o padà bá a. Ṣùgbọ́n bí o bá kó kúrò nílé, yúníìtì inú mítà kò ní bá ọ lọ. Ẹni tó bá wọlé lẹ́yìn rẹ ló jogún rẹ̀. Ẹ bá a sọ kí ẹ tó kó ẹrù jáde, tàbí kí ẹ lò ó tán.

Kí ló dé tí owó kan náà kì í mú yúníìtì kan náà wá?

Kọ́kọ́ mọ ohun tí yúníìtì kan jẹ́. Bí áyọ́ọ̀nù tó jẹ́ 1,000 wáàtì bá gbóná fún wákàtí kan, yúníìtì kan ti lọ nìyẹn. Gílóòbù tó jẹ́ 10 wáàtì yóò tàn fún 100 wákàtí kó tó jẹ yúníìtì kan náà. Ẹni tó ń pa gílóòbù tó sì ń fi ìgbóná omi sílẹ̀, ẹ̀yìn eku ló ń lé tí ilé ń jó.

Owó orí ọjà ni wọ́n ń kọ́kọ́ yọ, 7.5%. Nínú ₦5,000, nǹkan bí ₦4,651 ló kù fún iná. Lẹ́yìn náà ni bándì. Láti ọdún 2020 ni wọ́n ti pín wa sí A títí dé E gẹ́gẹ́ bí wákàtí tó yẹ kí iná fi wà lójúmọ́: A 20, B 16, C 12, D 8, E 4. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó Bándì A láti nǹkan bí ₦68 lọ sí ₦225 yúníìtì kan. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ₦4,651 tó ń ra yúníìtì bíi 68 tẹ́lẹ̀ wá ń ra nǹkan bí 20 àti díẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá sì rí gbèsè àtijọ́ lórí mítà náà, ẹ̀rọ tó ń ta káàdì yóò kọ́kọ́ gé nínú rẹ̀. Ibí yìí ló ti jọ ọ̀rọ̀ ẹni tó yá káàdì lórí fóònù, tí owó tuntun wọlé tí wọ́n sì ti gba tiwọn.

Àwọn kan máa ń sọ pé bándì dà bíi dátà, pé ẹni tó fẹ́ púpọ̀ ni yóò san púpọ̀. N kò gbà pẹ̀lú èyí. O lè yan dátà ₦500 kí aládùúgbò rẹ yan ti ₦5,000. Ìwọ kọ́ lo yan bándì. Wáyà tó gba iwájú ilé rẹ kọjá ló yàn án fún ọ. Opó tó ń ta ògì àti olówó tó ní ẹ̀rọ amúlétutù mẹ́fà, bí wáyà kan náà bá gbé wọn, iye kan náà ni wọn yóò máa san lórí yúníìtì. Orúkọ tí wọ́n yá lọ́wọ́ fóònù ni ipele. Yíyan kò bá a wá.

Sóólà tó ń ti ara rẹ̀: ta ló wà nínú àpótí yẹn?

Òṣómàáló ni. Mo ní a ó padà sí i.

Ní Kenya ni ọ̀rọ̀ yìí ti gbilẹ̀ jù. Ilé-iṣẹ́ fóònù Safaricom bẹ̀rẹ̀ M-Pesa, fífi owó ránṣẹ́ lórí fóònù, ní ọdún 2007. Nígbà tí ó ti ṣeé ṣe fún ará oko láti san owó kékeré lójoojúmọ́ láì dé báǹkì, ilé-iṣẹ́ bíi M-KOPA bẹ̀rẹ̀ sí í gbé sóólà fún wọn: san díẹ̀ ṣáájú, kí o máa san ìyókù lójoojúmọ́. Ní Nàìjíríà, Lumos, ilé-iṣẹ́ sóólà, ti bá MTN dòwò pọ̀ rí, tí àwọn èèyàn ń fi owó orí fóònù wọn san owó sóólà. M-KOPA náà ti dé ọ̀dọ̀ wa, fóònù ni wọ́n sì ń tà bẹ́ẹ̀ níbí.

Nínú àpótí sóólà náà, aago kan wà tó ń ka ọjọ́. Bí o bá sanwó ọjọ́ méje, yóò ka méje, yóò sì tì. Oòrùn lè máa ràn gan-an lórí òrùlé rẹ, bátìrì lè kún, kò ní fún ọ níná. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi wé mítà. Ohun tí o lò ni mítà ń kà. Ọjọ́ ni sóólà ń kà, yálà o tan iná tàbí o kò tàn án, torí pé gbèsè lo ń san, kì í ṣe iná lo ń rà. Iná náà, ọ̀fẹ́ ni láti ọ̀run wá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò mọ ìyàtọ̀ yìí tí wọ́n fi ń ro pé àwọn "ń ra káàdì sóólà".

Mo mọ télọ̀ kan ní Alékúwodò tó gba irú rẹ̀. Lóru ọjọ́ Jímọ̀ kan, aṣọ ẹbí ọjọ́ Sátidé wà lórí ẹ̀rọ, iná kú. Owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni kò jẹ́ kó lè san án. Ó pe nọ́ńbà tí wọ́n fún un, ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ló ń dá a lóhùn títí ilẹ̀ fi mọ́. Òṣómàáló gidi lágídí, ṣùgbọ́n o lè kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, o lè pe àgbà àdúgbò sí i, ó tilẹ̀ lè jẹun nílé rẹ nígbà tó lóṣòó síbẹ̀. Àpótí kò mọ ẹ̀bẹ̀. Èyí kò sọ pé ọjà náà burú. Iná ti dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé tí kò ní lè san owó sóólà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láéláé. Ṣùgbọ́n kí o tó fọwọ́ síwèé, bi wọ́n ní èló ni gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́ nígbà tí mo bá san tán, kí o sì fi wé iye tí wọ́n ń tà á lọ́wọ́ kan. Bi wọ́n bóyá yóò ṣí sílẹ̀ pátápátá lẹ́yìn owó tó kẹ́yìn. Bi wọ́n pé bí ó bá bàjẹ́, ṣé aago inú rẹ̀ yóò ṣì máa ka ọjọ́ nígbà tí wọ́n bá gbé e lọ tún ṣe?

Kí ni wọn kò yá?

Agbára láti kúrò lọ́dọ̀ wọn. Láti oṣù kẹrin ọdún 2013, bí ilé-iṣẹ́ fóònù kan bá ṣẹ̀ ọ́, o lè gbé nọ́ńbà rẹ lọ sọ́dọ̀ òmíràn. Ọ̀pọ̀ wa kò tilẹ̀ ṣe wàhálà yẹn. Síìmù méjì la kàn ń lò. Ìbẹ̀rù pé a lè lọ yìí ló mú kí wọ́n máa fi dátà òru àti ẹ̀bùn oríṣiríṣi fà wá mọ́ra. Àmọ́ ní Ọ̀ṣun, IBEDC ló ń pín iná fún wa. Bí inú ò bá dùn sí i, ibo la ó gbé mítà lọ?

Kì í ṣe pé wọn kò fẹ́ nìkan. Afẹ́fẹ́ kan náà lè gbé ohùn ilé-iṣẹ́ mẹ́rin. Òpó fóònù kan náà sábà máa ń gbé ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, àwọn tó ni òpó wà lọ́tọ̀, wọ́n sì ń yá wọn ní àyè lórí rẹ̀. Bí ẹni mẹ́rin bá ní àwọn yóò na wáyà iná mẹ́rin gba Òkè-Fìà, ta ni yóò san owó rẹ̀? Ọ̀nà àbáyọ kan wà: ya ẹni tó ni wáyà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó ń ta iná, bí ẹni tó ni ọ̀nà kì í ti í ṣe ẹni tó ni ọkọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1999 ni gbogbo ilé ti lè yan ẹni tí wọ́n fẹ́ máa ra iná lọ́wọ́ rẹ̀, orí wáyà kan náà. Òfin iná mànàmáná tí wọ́n buwọ́ lù ní ọdún 2023 ti fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láyè láti ṣe òfin ọjà iná tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí àwọn aṣòfin wa l'Óṣogbo má ṣe mú èyí ní kékeré.

Ohun kejì tí kò ṣeé yá wà nínú ìlú wa gan-an. Òṣogbo ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà wà, National Control Centre. Nígbàkúgbà tí iná orílẹ̀-èdè bá wó lulẹ̀, bó ṣe ṣe lọ́pọ̀ ìgbà ní ọdún 2024, a ó gbọ́ orúkọ Òṣogbo nínú ìròyìn, àwọn èèyàn á sì máa bi wá pé ṣé ẹ̀yin lẹ pa á ni. Ibùdó yẹn kì í ta iná, kì í sì í pín in fún àdúgbò. Iṣẹ́ ìyáàlù ló ń ṣe: kí gbogbo ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe iná jáde wà lójú ìlù kan náà, kí iye tí wọ́n ń ṣe jáde sì dọ́gba pẹ̀lú iye tí à ń lò ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an. Nígbà tí èrò bá pọ̀ jù lórí fóònù, ìwọ nìkan ni wọn yóò sọ fún pé ìlà ò gbà. Ẹni tó ti ń sọ̀rọ̀ yóò máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Bí ìlò bá ju iná tó wà lọ, tí wọn kò tètè gé àwọn àdúgbò kan, gbogbo wa ni yóò ṣubú pọ̀. Nítorí náà, o lè ní yúníìtì 200 nínú mítà kí o wà nínú òkùnkùn. Yúníìtì jẹ́ ẹ̀rí pé o ti sanwó; kò ní kí iná wà.

Irú ọjà wo ló yẹ fún ọ̀nà yìí?

Ọjà tó ṣeé wọ̀n, tó ṣeé bù kéré, tí gígé rẹ̀ kò sì ní pa èèyàn. Gáàsì yẹ, a sì ti ń rà á ní kílò kan, kílò méjì. Ní Kenya wọ́n ti fi mítà sórí sílíńdà, o ń san iye tí o fẹ́ fi se ọbẹ̀ lónìí. Katakata yẹ: Hello Tractor, tó bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún 2014, ń jẹ́ kí àgbẹ̀ tí kò lè ra katakata rí i yá fún oko rẹ̀, nípasẹ̀ aṣojú, bí ẹni ra káàdì lọ́wọ́ ẹni abẹ́ agboòrùn. Mo rò pé àwọn aláró wa náà lè jọ ní ẹ̀rọ kan tó ń mú aṣọ gbẹ, tí olúkúlùkù yóò máa san owó wákàtí lé lórí, bí àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù ṣe jọ ń lo òpó.

Omi ni mo ń bẹ̀rù. Ní Phiri, ní Soweto, ní Gúúsù Áfíríkà, wọ́n fi mítà oníkáàdì sí omi. Ilé kọ̀ọ̀kan ní 6,000 lítà ọ̀fẹ́ lóṣù. Bí ó bá tán tí kò sówó, omi dá. Àwọn ará àdúgbò gbé ìjọba ìlú Johannesburg lọ sílé ẹjọ́, ẹjọ́ náà sì dé ilé ẹjọ́ gíga jù lọ tó ń rí sí òfin ìpìlẹ̀. Ní ọdún 2009, ilé ẹjọ́ dá ìjọba láre. N kì í ṣe adájọ́, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé èèyàn lè fi àtùpà rọ́pò iná títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Kí ni a ó fi rọ́pò omi nínú ilé tí ọmọ ti ń ṣu tó ń bì? Bí ẹnikẹ́ni bá gbé irú mítà yìí wá sí Òṣogbo, ìlú tó wà létí odò Ọ̀ṣun, kí a kọ́kọ́ béèrè ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ tí owó bá tán.

Ìyá Ìgbọ́nà rí owó rẹ̀ gbà. Nígbà tí a ti mọ̀ pé tóókìn náà ṣì dára fún mítà tí wọ́n kọ ọ́ sí, ọmọ tó ń ta káàdì ní kó pe ayálégbé tó wà ní Òkè-Baálẹ̀ báyìí. Obìnrin yẹn náà ti fẹ́ ra iná lọ́jọ́ yẹn. Ìyá ka nọ́ńbà náà fún un lórí fóònù, mẹ́rin mẹ́rin, wọ́n gbọ́ bí mítà ṣe dún lódì kejì pé ó ti wọlé, ₦5,000 sì dé sórí àkáǹtì ìyá kó tó gbé fóònù sílẹ̀. Ó ní kí ọmọ náà bá òun pa nọ́ńbà àtijọ́ yẹn rẹ́ kúrò nínú fóònù òun kó tó bá òun ra òmíràn.